Lẹ́tà Alálàá àti Bíìrò Pupa

Nílé tiwa, lẹ́tà kì í jáde kí bàbá wa má kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbáà jẹ́ ìwé ìtọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìkíni kú ọjọ́ ìbí, ìbáà jẹ́ bébà pélébé tí èèyàn fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn pé òun ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Wọn kì í tẹ̀wé, wọn kì í kọ̀wé. Àṣìṣe ni wọ́n ń ṣọdẹ. Ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá kọ, àwọn ló máa kà á kẹ́yìn kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ, bíìrò pupa á sì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ló fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwa ọmọ wọn la wá di ìwé.

Kí n tó lè kọ orúkọ ara mi ni mo ti mọ àmì wọn. Ilà pupa tó bá gba inú ọ̀rọ̀ kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Bí wọ́n bá ti wá fa ilà náà tán, tí wọ́n tún un rò, tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bíìrò ò ṣeé pa rẹ́, nítorí náà wọ́n á fi àmì kéékèèké tótòtó sábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé: ẹ jẹ́ kó dúró. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí àmì tótòtó yẹn lọ́wọ́ wọn. Bàbá wa kì í sábà gbà pé àwọn ṣì í.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Bàbá wa ló sọ ọ́ ní Alálàá, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ibi iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé wọ́n pa irọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa wo ibì kan lẹ́yìn etí yín, bíi pé ẹnì kan ń fọwọ́ pè é níbẹ̀. Ẹ ó bínú, ẹ ó ní kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, á wá tún gbogbo ohun tí ẹ sọ sọ fún yín, tòun ti ibi tí ẹ ti mí kanlẹ̀.

Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan. Yàrá náà wọnú ilẹ̀ díẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì wà lókè pátápátá, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lóde nìkan la máa ń rí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kùn láti àárọ̀. Èmi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mò ń dí ihò aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń pín aṣọ sí wọ́ọ̀dù. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n á pa ẹ̀rọ fún wákàtí kan kí wọ́n lè tutù. Ìdákẹ́jẹ́ á bọ́ sílẹ̀ lójijì. Ìmọ́lẹ̀ á máa rọra wọlé nínú oru omi bíi mílíìkì tí wọ́n dà sínú tíì, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á sùn lọ lórí àga, aṣọ funfun á ga ní òkìtì òkìtì yí wa ká. Èmi náà á máa tòògbé. Bí mo bá la ojú kan, màá rí àbúrò mi lórí òkìtì aṣọ gbígbóná, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́, ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń wo àjà.

Mo mọ ohun tó ń wò níbẹ̀. Ilé ìfọṣọ tirẹ̀ ni. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké pọ̀ nílùú wa tí wọn ò ní ẹ̀rọ, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ilé. Ó fẹ́ dá ilé ìfọṣọ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba aṣọ gbogbo wọn láàárọ̀, tí yóò sì dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yìn káàdì tí a ń so mọ́ ẹrù aṣọ ló ń ya àwòrán rẹ̀ sí: fèrèsé tó fẹ̀, ilẹ̀kùn méjì kí aṣọ ẹlẹ́gbin àti aṣọ mímọ́ má pàdé. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń darí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwò. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní òpin ọ̀nà bọ́ọ̀sì wa, ilé onígíláàsì ni. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, á wọ bọ́ọ̀sì débẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ọgbà, á wò ó títí, á sì padà wálé. Mo máa ń bi í léèrè pé ṣé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ni.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni èsì yunifásítì rẹ̀. Ó pàsì, ṣùgbọ́n irú àpàsì tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mi ìwé náà díẹ̀, á já bọ́. Lọ́jọ́ tó mú un dé, bàbá wa gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n kà á látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Pẹ̀lú gbogbo ìsinmi tí ilé ẹ̀kọ́ yín gbà yẹn, kí lo wá ń fi àkókò ṣe?" Ó wo ibì kan lẹ́yìn etí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì mú bíìrò pupa, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì sí etí ìwé náà: *Ọ̀lẹ alálàá.* Wọ́n ní kí n lọ fi í sínú agolo bisikíìtì tí ìwé ẹ̀rí gbogbo ilé wà. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá bàbá wa bú ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àbúrò mi parí ọdún kejì ní yunifásítì ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn kú tipiri. Èmi wà nílé ọkọ nígbà náà, oyún wà nínú mi, dókítà ní n kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, áńbọ̀sì kí n máa lọ tọ́jú aláìsàn. Àbúrò mi nìkan ló kù. Lọ́jọ́ kẹta tí ẹnu bàbá wa là, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ni pé bí àwọn bá gbọ́ pé ọmọ àwọn kan torí àwọn pa kíláàsì jẹ, àwọn á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n máa ṣe é o! Dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ bínú. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Èmi, àgbà tó mọ gbogbo nǹkan, mo ní, "Sọ fún wọn pé ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi."

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní lọ́kàn. Ìsinmi náà gùn títí ó fi wọ ìdajì ọdún kẹta rẹ̀. Ó ń jókòó ti bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń lọ ṣe ìdánwò nínú aṣọ tó fi sùn, lórí ẹ̀kọ́ tí kò jókòó gbọ́. Bàbá wa yè, wọ́n tún rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ò padà bọ̀ sípò, ojú náà sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé àwa là ń kàwé sí wọn létí. A ní a ó sọ òtítọ́ fún wọn bí ara bá ti le. Nígbà tí ara le, ojú ń tì wá. Báyìí ni ọdún mẹ́sàn-án ṣe lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo kàn ń gbàdúrà pé kí ọjọ́ náà má bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ilé ẹ̀kọ́ òwò yẹn ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìkejì, mo bínú, mo fi dandan mú un, a lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo ti to èébú sẹ́nu. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà níbẹ̀, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, òun ló máa ń kọ́kọ́ ka gbogbo ìwé tó bá wọlé. Ó wò wá, ó fa àga méjì.

Ó ní, "Ẹ jókòó. Ìwé tiyín yìí, mo rántí ẹ̀. Ọdún kìíní yín dáa. Nígbà tó di ìparí ọdún kejì, máàkì yín já wálẹ̀ bí ẹni tó ré bọ́ látorí àkàbà, ẹ ò sì sọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Àbúrò mi ní, "Mo rò pé bí mi ò bá mẹ́nu kàn án, wọ́n lè máà rí i."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń kàwé, tó dé ibi tí ihò wà, tẹ́ ò sọ ohun tó gbẹ́ ihò náà fún un, á fúnra ẹ̀ wá nǹkan kan sọ. Nǹkan tó burú jù ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn."

Mo bi í pé, "Ẹ má bínú, mà, ṣé ẹni tí máàkì ẹ̀ ò dáa tiẹ̀ máa ń wọlé níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí máàkì àná ẹ̀ ò dáa, kó mú máàkì òní wá." Ó wá ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́. Ó ní kó wá kíláàsì ìṣirò kan lọ, kó sì gbégbá orókè níbẹ̀, káwọn olùkọ́ lè rí i pé ọpọlọ rẹ̀ ò dákú. Ó ní kó tún ìdánwò àbáwọlé ṣe. Ó ní kó má wá ẹni ńlá tí kò mọ̀ ọ́n kó kọ̀wé ìjẹ́rìí fún un. Kó wá ẹni tó rí i lẹ́nu iṣẹ́. "Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà kan, ojú ìwé kan péré, nípa àwọn ọ̀sẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn. Ẹ má sunkún níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ rí kọ́."

N kò rí ẹni bú lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí díẹ̀.

Ọdún kan gbáko ni àbúrò mi fi ṣe iṣẹ́ tí obìnrin yẹn rán an. Ní gbogbo Sátidé, ó wà ní kíláàsì ìṣirò pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lè bí, ó sì ṣe ipò kìíní. Ní gbogbo ọ̀sán, ó wà lórí òkìtì aṣọ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àbáwọlé. Nígbà mìíràn, nínú òògbé mi, n kì í mọ èyí tó jẹ́ ohùn rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti omi tó ń kán nínú ẹ̀rọ. Mo máa ń gbọ́ ọ tó ń sọ fún àjà pé, "Bí ọkọ̀ méjì bá kúrò lójú kan náà." Mo lá àlá ọkọ̀ méjì yẹn títí, n kò rí wọn kí wọ́n pàdé rí. Òun rí i. Nígbà tó tún ìdánwò náà ṣe, máàkì rẹ̀ fò sókè débi pé ó ní kí n bá òun kà á bóyá ojú òun ló ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ ìwé ìjẹ́rìí rẹ̀. Màmá yẹn kì í yin ènìyàn, ẹ kàn máa mọ̀ pé ẹ ṣe dáadáa bí wọn ò bá bú yín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọbìnrin yìí tó dé, aṣọ wọ́ọ̀dù kan á sọnù sí òmíràn, aláìsàn á máa dúró de aṣọ fún wákàtí méjì láàárọ̀. Òun ló ní kí a ran òwú aláwọ̀ sí etí aṣọ kọ̀ọ̀kan, búlúù fún wọ́ọ̀dù ọmọdé, pupa fún yàrá iṣẹ́ abẹ, àwọ̀ ewé fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Aṣọ tó bá ti ní òwú, bó rìn jìnnà tó, á mọ ọ̀nà ilé. Ní báyìí, wọ́n ní, aláìsàn kì í dúró ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ran gbogbo òwú náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ti dárí jì wọ́n.

Bàbá wa náà ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Gbogbo ohun tó bá kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ àti ilé ìfọṣọ tó fẹ́ dá sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń kà á sí wọn létí. Wọ́n á di ojú, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè. "Akitiyan? Yọ ọ́. Ìfarajìn? Yọ ọ́. Ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé yìí? Sọ iye aṣọ. Sọ iye ìṣẹ́jú." Inú wọn ń dùn. Wọ́n á wá fi ẹ̀rín kún un pé, "Ọ̀lẹ mi ti jí! Ẹ má jẹ́ kó tún sùn o." Àbúrò mi náà á rẹ́rìn-ín. Èmi á dìde, màá lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa fọ́ọ̀mù dé. Ní Ọjọ́bọ̀, lákòókò tí ẹ̀rọ dákẹ́, ó mú lẹ́tà kékeré náà wá sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Gbogbo òtítọ́ wà níbẹ̀.

Mo ní, "Èyí ò ní dé etí bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà kan ò jáde nílé wa rí kí wọ́n má gbọ́ ọ."

"Kọ méjì. Èyí tó ní òtítọ́, fi ránṣẹ́. Èyí tí kò ní, kà á fún wọn."

Ó wo ibì kan lẹ́yìn etí mi. "Irọ́ àkọ́kọ́ ló gbé mi débi tí mo wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò tún lè gbé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè la ẹnu mi kà á sí wọn létí."

"Ó dáa. Èmi á kà á." Mo ká bébà náà sínú àpò. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Nílé, ní nǹkan bí aago márùn-ún, bàbá wa wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀pá wà láàárín orúnkún wọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀. Àbúrò mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo dúró, mo la ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà pẹ̀lú ohùn tó dùn, bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo ka ìpínrọ̀ kìíní. Mo fo ìkejì. Mo gun orí ìkẹta láìmí, mo kà á parí, mo ní, "Ó tán, bàbá."

Wọn ò la ojú. "Tún ìparí ti àkọ́kọ́ kà."

Mo kà á: "'Ní ìparí ọdún kejì mi, èsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.'"

"Èyí tó tẹ̀ lé e."

"'Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ayé mi ṣe.'"

"Àárọ̀ ọjọ́ wo?" Wọ́n la ojú. "Kò sí àárọ̀ kankan níbẹ̀. Nǹkan kan wà láàárín tó o gbé mì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wá ohun tí ẹ̀rọ gbé mì, ṣé ìwọ lo fẹ́ gbé tìẹ mì mọ́ mi lójú? Kà á."

Mo wo àbúrò mi, ó ti ń wo ilẹ̀. Mo kà á.

"'Bàbá mi ní àìsàn rọpárọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi jókòó tì wọ́n nílé ìwòsàn, n kò lọ sí kíláàsì, n kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọn ò ní gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ò tètè dé. Bàbá mi dùbúlẹ̀ sórí ọ̀rá tó bo bẹ́ẹ̀dì, láìsí aṣọ lórí rẹ̀, fún wákàtí méjì, òtútù ń mú wọn, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa láti bèèrè. Mo fi gèlè mi bo ẹsẹ̀ wọn. Mo lọ sí ìsàlẹ̀ láti lọ jà, mo bá aṣọ mímọ́ tó kún yàrá kan, kò kàn sí ẹni tó mọ wọ́ọ̀dù tó ni wọ́n.'"

Oòrùn ti gun ẹsẹ̀ àga.

Bàbá wa ní, "Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ yẹn ńkọ́?"

Àbúrò mi ní, "Kò sí ìsinmi kankan, bàbá."

Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ náà, bàbá. Èmi ni kí ẹ bá wí." Mo ti ń sunkún, mo sì ń bínú sí ara mi pé mò ń sunkún.

Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní, "'Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.' Ọ̀pọ̀ kì í ṣe iye. Ọ̀sẹ̀ mélòó?"

Kò ronú rárá. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Yọ 'ọ̀pọ̀' kúrò. Kọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n síbẹ̀." Wọ́n gbé ọ̀pá wọn ti ògiri. Nígbà tí ohùn wọn tún jáde, kò dàbí ohùn wọn. "Gèlè yẹn ní òdòdó kéékèèké. Mo rántí ẹ̀. Mo máa ń jí, màá rí ọ níbẹ̀, màá tún sùn, màá tún jí, wàá tún wà níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ mi wà nílé ẹ̀kọ́, ìsinmi ò lè pọ̀ tó báyìí. Mo ní àlá ni mò ń lá."

Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Àbúrò mi gbé orí lé wọn lórúnkún. Wọ́n fi ọwọ́ òsì rọra ń lu orí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ sùn, títí oòrùn fi kúrò nínú yàrá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀rù. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà gbà.

Ó mú ìwé náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó yá, wọ́n pè é fún íńtáfíù. Ó ní àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú òun, ọ̀kan sì bi òun pé báwo lòun ṣe mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ó ní òun fèsì pé gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì bàbá òun, òun sì ń kà á. Wọn ò bi òun ní nǹkan mìíràn nípa máàkì.

Lẹ́tà ìdáhùn dé lọ́jọ́ tí òjò ń ṣú. Àbúrò mi gbé àpòòwé náà lé mi lọ́wọ́ láìya á. Bàbá wa ní kí n kà á. Wọ́n na ìka sí mi. "Má fo nǹkan kan o."

N kò fo nǹkan kan. Mo ka déètì, mo ka nọ́ńbà fóònù, mo ka orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ní wọ́n gbà á wọlé. Mo kígbe, mo fò, mo dì mọ́ ọn, mo gbá àga ṣubú. Bàbá wa ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kí àbúrò mi lọ fi í sínú agolo.

Ó lọ. A gbọ́ ìró ìdérí agolo, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo dìde, mo lọ bá a nínú yàrá. Ìwé èsì yunifásítì rẹ̀ ló wà lókè nínú agolo, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti gbé e lọ́jọ́sí. N kò mọ ọjọ́ tí wọ́n wọ yàrá yẹn, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ òsì ṣí agolo, pẹ̀lú ojú tó ṣú. Ilà pupa kan, tó wọ́ bí ipa ọ̀nà ìgbín, gba inú ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà létí ìwé kọjá. Lábẹ́ *Ọ̀lẹ*, kò sí nǹkan kan.

Lábẹ́ *alálàá*, wọ́n to àmì tótòtó sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn ò fi lẹ́tà kan sílẹ̀.